Ìwé ergo yín àti òkè òkun: ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ físà tó dé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ ergo (ergothérapie, occupational therapy lédè Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ríran aláìsàn lọ́wọ́ kó lè tún máa ṣe nǹkan òòjọ́ rẹ̀), ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi ti pọ̀ jù. Tí ti Àjàṣẹ́ níbí bá dákẹ́, ti Kétu á wọlé, ti Sábẹ̀ẹ́ á tẹ̀lé e, ìbéèrè kan náà sì ni: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gba dìpúlómà ergo mi, mo fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Kánádà (àbí Ọsirélíà, àbí Ìlú Ọba), èló ni físà?" Físà kọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀ o. Ilé ìwé tẹ́ ẹ ti jáde la ti ń bẹ̀rẹ̀, àní lọ́dọ̀ sẹ̀kìtérì tó ń tọ́jú fáìlì yín gan-an. Bí ẹni yẹn ò bá tíì gbàgbé orúkọ yín, ẹ tètè dìde.

Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀

1. Àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí: wọ́n máa wò ó bóyá ohun tẹ́ ẹ kọ́ bá ohun tí àwọn ọmọ tiwọn ń kọ́ mu.
2. Ìforúkọsílẹ̀: èyí ló fún yín láṣẹ láti máa pe ara yín ní ergo níbẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa tọ́jú èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ṣe é láìní in, ẹ ti rú òfin.
3. Físà: ti ìjọba nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń ṣe é.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ẹ wo Kánádà, WES, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, lè yẹ dìpúlómà yín wò fún Express Entry, ìyẹn ọ̀nà ìgbélùú Kánádà kan, kó ní ó tó ìwé ẹ̀rí yunifásítì tiwọn, inú yín á sì dùn. Ìwé yẹn dára fún ọ̀rọ̀ ìgbélùú, àmọ́ àwọn tó ń forúkọ ergo sílẹ̀ máa ṣe àyẹ̀wò tiwọn lọ́tọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni attestation tí ENIC-NARIC ń fúnni ní Faransé, ó kàn ń sọ pé ìwé yín tó ìpele báyìí ni, kò sọ pé kẹ́ ẹ lọ wọ ọsibítù lọ ṣiṣẹ́. Mo mọ ọmọkùnrin kan láti Ìtákété tó ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó ti ń dágbére kiri, ó ti ta mọ́tò rẹ̀ pàápàá, kó tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ló ṣí nínú mẹ́ta.

Ẹ mú ìlú kan, ẹyọ kan ṣoṣo

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní dọ́sìẹ̀ tiẹ̀, owó tiẹ̀, fọ́ọ̀mù tiẹ̀. Ẹni tó bá ń lé mẹ́ta pọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa dá dúró lágbede méjì.

Québec. Àwa tá a fi Faransé kàwé, ibẹ̀ ni mo máa ń ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ordre des ergothérapeutes du Québec, OEQ, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ergo sílẹ̀ níbẹ̀, fúnra wọn ló ń ṣe àyẹ̀wò ìwé tó ti òkè òkun wá. Òfin èdè wọn sì sọ pé ẹni tó bá ti fi Faransé kàwé fún ọdún 3 ó kéré tán, ní kíkún, ní ìpele sẹ́kọ́ńdírì tàbí lókè rẹ̀, ó ti gbọ́ Faransé tó, kò sí ìdánwò èdè fún un lọ́dọ̀ ordre. Ẹni tó lọ CEG láti sixième dé terminale ti kọjá ìyẹn láìmọ̀. Ẹ ṣáà rántí pé ọ̀dọ̀ ordre nìyẹn o. Àwọn ti ìgbélùú ṣì lè ní kẹ́ ẹ mú èsì ìdánwò Faransé wá, TCF tàbí TEF.

Kánádà tó kù. ACOTRO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń forúkọ ergo sílẹ̀ ní Kánádà, ló ń ṣe àyẹ̀wò nínú ètò wọn tó ń jẹ́ SEAS, lẹ́yìn náà ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní NOTCE. Nọ́ńbà iṣẹ́ wa nínú ìwé ìgbélùú Kánádà ni NOC 31203, ẹ kọ ọ́ síbì kan, wọ́n máa béèrè ẹ̀.

Ọsirélíà. Occupational Therapy Council, OTC, ló ń yẹ ìwé wò, fún ìforúkọsílẹ̀ àti fún ìgbélùú. Nọ́ńbà iṣẹ́ níbẹ̀ ni 252411. Ìpele méjì ni: èyí àkọ́kọ́, ìwé yín ni wọ́n máa wò lórí tábìlì, ẹ lè jókòó sí Wàǹdó kẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́. Èkejì, ẹ gbọ́dọ̀ dé Ọsirélíà, kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ergo tó ti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó fún yín ní gbogbo àṣẹ. AHPRA ló ń tọ́jú ìwé orúkọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé lẹ́tà ìpele àkọ́kọ́ ti tó.

Ìlú Ọba. HCPC ló ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ to ohun tẹ́ ẹ kọ́ sílẹ̀ ní kíkún, wọ́n sì fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dáa.

Amẹ́ríkà. NBCOT, àwọn tó ń ṣe ìdánwò ergo níbẹ̀, ló máa kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ tiẹ̀ lè jókòó ṣe ìdánwò wọn, lẹ́yìn náà ni ìdánwò, lẹ́yìn náà ni ìwé àṣẹ ti ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gbé. Ìpele master ni wọ́n ń wò. Ẹni tó ní licence ọdún 3 (ìwé ẹ̀rí yunifásítì àkọ́kọ́) nìkan, ẹ má dáná owó síbẹ̀.

Ilé ìwé: ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí

Ẹni tó ń yẹ ìwé wò ò mọ Àjàṣẹ́, kò mọ ilé ìwé yín, kò mọ̀ pé prof yín le. Bébà nìkan ló wà níwájú ẹ̀. Ohun tó ń wá níbẹ̀ ò ju méjì lọ: kí lẹ kọ́, wákàtí mélòó lẹ sì lò pẹ̀lú aláìsàn. World Federation of Occupational Therapists, WFOT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ní òṣùwọ̀n kan tí ọ̀pọ̀ ìlú ń tọ́ka sí: ó kéré tán, wákàtí 1000 ti stáàjì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú aláìsàn. Ẹ wo orí ìkànnì wọn bóyá ilé ìwé yín wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún tẹ́ ẹ jáde. Tó bá wà, ọ̀nà yín á já geere díẹ̀. Tí kò bá sí, ọ̀nà ò tíì dí, àmọ́ ìwé tẹ́ ẹ máa kó jọ gbọ́dọ̀ kún ju ti ẹlòmíì lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa gbà lọ́wọ́ ilé ìwé:

- relevé de notes (ìwé máàkì) ti ọdún kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti ọdún ìparí nìkan
- àlàyé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: kí ni wọ́n kọ́ nínú rẹ̀, wákàtí mélòó nínú kíláàsì, mélòó lọ́wọ́
- lẹ́tà stáàjì (mò ń bọ̀ lórí ìyẹn)
- lẹ́tà tó sọ èdè tí wọ́n fi kọ́ yín
- dìpúlómà gan-an, tàbí attestation tí dìpúlómà ò bá tíì jáde

Lẹ́tà stáàjì yìí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Àbúrò kan láti Kétu gbé tiẹ̀ wá fún mi, ọmọ yìí ti ṣe ju ọ̀sẹ̀ 30 lọ káàkiri ọsibítù, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ mọ́ gan-an, àmọ́ ohun tí ilé ìwé kọ ò ju ìlà kan lọ: "a effectué plusieurs stages hospitaliers," ìyẹn pé ó ṣe stáàjì mélòó kan ní ọsibítù. Plusieurs! Ta ló fẹ́ ka plusieurs? Ọ̀sẹ̀ kan lè jẹ́ wákàtí 40, ọ̀sẹ̀ 25 ti fún yín ní 1000 géérégé, ọmọ yìí ti kọjá ẹ̀, ìwé ẹ̀ nìkan ni kò sọ ọ́. Ohun tá a ṣe nìyí:

1. A mú ìwé àjákọ, a kọ stáàjì kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tiẹ̀: ibi tó ti ṣe é, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, wákàtí lójúmọ́, ọjọ́ lọ́sẹ̀.
2. A kọ irú èèyàn tó tọ́jú: àwọn ọmọdé, àwọn tí ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn rọ, àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú, àwọn àgbàlagbà, iṣẹ́ láàárín àdúgbò. Ẹni tó jẹ́ pé wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n máa bi í léèrè, kó mọ ohun tó máa fèsì.
3. A kọ ẹni tó ń bójú tó o àti iṣẹ́ tónítọ̀hún ń ṣe. Tó bá jẹ́ kiné (kinésithérapeute, physiotherapist) ló bójú tó yín, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di ergo, torí wọ́n lè kọ lẹ́tà sí i.
4. A ṣírò gbogbo ẹ̀ sísàlẹ̀.
5. A tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà, ó gbé e sínú kílé USB, ó lọ bá directeur des études.

Nọ́ńbà 5 yẹn ṣe kókó. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo kẹ́ ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ lẹ́tà." Ọ̀gá ò ráyè. Tó bá ti wà ní títẹ̀, á kàn kà á, á fi wé ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn, á fọwọ́ sí i, sẹ̀kìtérì á lù ú ní òǹtẹ̀, ó parí. Ẹ kí sẹ̀kìtérì náà dáadáa o, àkàrà gbígbóná láàárọ̀ ò pa èèyàn lára. Àmọ́ ẹ má san owó fún wákàtí tẹ́ ẹ ò ṣe. Wọ́n máa ń kọ̀wé padà sílé ìwé láti béèrè, tí irọ́ bá sì jáde, ilẹ̀kùn yẹn ti tì nìyẹn.

Nǹkan míì tó ń dá wa dúró: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń yẹ ìwé wò fẹ́ kí ilé ìwé fi í ránṣẹ́ tààrà, láti àdírẹ́sì ímeèlì tó ń jẹ́ orúkọ ilé ìwé. Ilé ìwé tiwa tó ń lo Gmail pọ̀. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á gba àpòòwé tí ilé ìwé lẹ̀ pa tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ibi tó lẹ̀, kí kúríà gbé e. Ẹ pa èsì wọn mọ́. Tẹ́ ẹ bá sì gba àpòòwé náà, ẹ ò gbọdọ̀ tú u wò, bó ti wù kó máa yọ yín lẹ́nu tó.

Orúkọ

Èyí ṣẹ sí èmi fúnra mi. Nínú acte de naissance (ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí) mi, Olouchégoun ni mò ń jẹ́, bí àwọn Faransé ṣe kọ́ wa láti máa kọ ọ́. Ẹni tó tẹ ìwé ẹ̀rí kan fún mi nílé ìwé kọ Olusegun, lójú ẹ̀, ó ṣàtúnṣe fún mi ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé e sílé. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n dá dọ́sìẹ̀ mi padà láti òkè òkun: ẹni méjì nìyí, èwo ni ẹ́ nínú wọn? Ó gbà mí ju oṣù márùn-ún lọ, èmi tí mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé Olouchégoun àti Olusegun, ọ̀kan náà ni.

Àwa Yorùbá Bẹ̀nẹ̀ ni wàhálà yìí mú jù, torí ch ti Faransé ni ṣ, ou ni u, tẹ́ ẹ bá wá lọ kàwé ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ibòmíì ní Nàìjíríà, wọ́n á kọ ọ́ lọ́nà tiwọn. Nítorí náà:

1. Ẹ gba acte de naissance sécurisé lọ́dọ̀ ANIP, àjọ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tó ń tọ́jú ìwé ìdánimọ̀, ìwé yẹn ni ìpìlẹ̀.
2. Pásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ bá a mu, lẹ́tà sí lẹ́tà.
3. Ẹ to dìpúlómà, relevé àti pásípọ́ọ̀tù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, kẹ́ ẹ fi ìka tẹ̀ lé e. Ẹ wo ọjọ́ ìbí náà, àwọn tí wọ́n kọ "né vers" (a bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí) fún mọ ohun tí mò ń sọ.
4. Ibi tí kò bá ti bá ara mu, ilé ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ sí mẹ́rì tàbí ilé ẹjọ́, ẹ gba ìwé tó jẹ́rìí pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì.
5. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tẹ́ ẹ ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ, ẹ fi ìwé ìgbéyàwó kún un.

Ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì

Fún Québec, ẹ fò ó. Fún ibi tó kù, traducteur assermenté (ògbufọ̀ tó ti búra nílé ẹjọ́) ló máa ṣe é, ẹ̀gbọ́n yín tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ́, Google náà kọ́. Àmọ́ traducteur mọ òfin, kò mọ iṣẹ́ wa, ẹ jókòó tì í. Ẹ ṣọ́ nǹkan mẹ́ta:

- Stage. Mo ti rí i tí wọ́n fi "stage" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dọ̀ Òyìnbó, ìyẹn ń jẹ́ ìpele, tàbí ibi tí olórin ń dúró sí. Fieldwork tàbí clinical placement ni kí wọ́n kọ. Wákàtí 1000 yín lè pòórá sínú ọ̀rọ̀ kan yìí.
- Máàkì. 12/20 lọ́dọ̀ wa, assez bien (ó dáa díẹ̀) ni, èèyàn á tiẹ̀ pe ẹbí sí i. Ẹni tó wà lókè òkun á rí 60 nínú 100, á ní ọmọ yìí ò mọ nǹkankan. Kí ilé ìwé kọ ìtumọ̀ máàkì sí ẹ̀yìn relevé: 10 ni èèyàn fi ń yege, 12 jẹ́ báyìí, 14 jẹ́ báyìí, kí traducteur sì túmọ̀ ìyẹn náà.
- Rééducation. Rehabilitation ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ re-education, wọ́n á rò pé ẹlẹ́wọ̀n lẹ ń kọ́ níwèé.

Ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ èyí, àmọ́ kó lọ gba lẹ́tà ìwà rere lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board tó bá ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìdánwò èdè

HCPC ń fẹ́ IELTS Academic 7.0 lápapọ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ibi kankan tó wálẹ̀ ju 6.5 lọ. Writing ló ń bẹ́ wa lórí jù, ìsọ̀rọ̀ kì í ṣòro. Ọ̀pọ̀ ń gba Ìgòlò kọjá lọ ṣe é ní Èkó, tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má fi ojú ọ̀nà Ìdìrókò dá ọgbọ́n.

Ẹ má tètè ṣe é jù. Ọdún 2 péré ni èsì IELTS ń lò, TCF àti TEF fún ìgbélùú Kánádà náà ọdún 2. Mo rí ẹni tó fi ìdánwò bẹ̀rẹ̀ torí òun ló rọrùn jù, nígbà tí ilé ìwé máa fi gbé relevé jáde, èsì ìdánwò ti kú. Ẹ máa kàwé sílẹ̀, àmọ́ ẹ dúró dìgbà tí lẹ́tà stáàjì bá ti wà lọ́wọ́ yín.

Fífi ránṣẹ́ àti owó

1. Ẹ scan gbogbo ẹ̀ ní àwọ̀, kí òǹtẹ̀ hàn. Àwòrán tẹ́ ẹ fi fóònù yà, tí ìka ọwọ́ hàn ní kọ̀rọ̀, ẹ nù ún.
2. Ẹ sọ fáìlì ní orúkọ tó yé èèyàn, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá yín.
3. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi báǹkì bóyá káàdì Visa yín lè sanwó lókè òkun, àti iye tó lè san lẹ́ẹ̀kan. Owó tí wọ́n kọ sórí ìkànnì kọ́ ló máa jáde ní sẹ́fà, báǹkì máa gé tiẹ̀.
4. Ẹ pa rìsíìtì mọ́. Owó àyẹ̀wò kì í padà, bóyá èsì dùn tàbí kò dùn.
5. Ẹ máa ṣí ímeèlì yín lójoojúmọ́, títí kan ibi tí spam ń kó sí. Tí wọ́n bá béèrè ìwé kan, wọ́n máa ń fi ọjọ́ sí i.

Èsì mẹ́ta ló lè wá

Bẹ́ẹ̀ni: ẹ tẹ̀síwájú sí ìforúkọsílẹ̀.

Rárá: ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀, ẹ má tíì ké. Ìgbà míì, ìwé kan ló sọnù, kì í ṣe ìmọ̀ yín. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti ní kí wọ́n tún un wò.

Ó ku díẹ̀: èyí ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwa tó jáde nílé ìwé adúláwọ̀, ẹ má sì rò pé ẹ ti fìdí rẹmi. OEQ lè ní kẹ́ ẹ lọ ṣe mise à niveau, ìyẹn iṣẹ́ mélòó kan ní yunifásítì níbẹ̀ àti stáàjì. Ẹ ka iye owó ilé ìwé yẹn mọ́ ohun tẹ́ ẹ máa ná látìbẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń tẹ èèyàn lórí ba lójijì. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ergo nígbà tí wọ́n ń ṣe é, owó rẹ̀ kéré, àmọ́ ó ń jẹ́ kí èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé aláìsàn níbẹ̀. Ẹlòmíì á kúkú fi owó yẹn lọ ṣe master tuntun. Tí ẹ ò bá tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tẹ́ ẹ sì rí ẹ̀dínwó gbà, èmi ò ní dá yín lẹ́kun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ bá "àwọn tó ń ṣe ọ̀nà"

Kò sí ẹni tó lè bá yín sáré àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan ní OEQ tàbí OTC, ẹ dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbélùú nìkan lẹ lè sanwó ìmọ̀ràn fún, fún ẹni tó ní nọ́ńbà: ní Ọsirélíà, nọ́ńbà MARN, ní Kánádà, RCIC. Ẹ béèrè nọ́ńbà náà, ẹ lọ wò ó fúnra yín lórí ìkànnì àwọn tó ń fúnni ní nọ́ńbà náà, ẹ wò ó bóyá orúkọ tó wà níbẹ̀ ni ti ẹni tó jókòó níwájú yín. Ẹ má fi pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́jú, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ímeèlì tiwọn ṣí àkáǹtì yín, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jà, èsì yín ti bá wọn lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin kiné tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá ìwé yìí kàn yín: ọ̀rọ̀ stáàjì, orúkọ àti ìtumọ̀ kàn yín gbáà, àmọ́ àwọn tẹ́ ẹ máa kọ̀wé sí yàtọ̀, OPPQ ni ní Québec, Australian Physiotherapy Council ni ní Ọsirélíà. Ẹ má fi fọ́ọ̀mù ergo kún un, mo ti rí ẹni tó ṣe é.